Ohun Tí Asẹ́ Dá Dúró: Ìtàn Spam àti Lẹ́tà Inú Àhámọ́

Atọ́kùn ètò yìí ti sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ímeèlì, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kékeré kan bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ti kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní òkè òkun pé òun fẹ́ wá kàwé níbẹ̀, ó sì ń retí èsì. Ó dúró títí, kò rí nǹkan kan. Ó tẹ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà síbi ìṣàwárí nínú ímeèlì rẹ̀, ẹ̀rọ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí sùúrù rẹ̀ pin, ó kọ̀wé láti béèrè. Èsì tí wọ́n fún un ni pé àwọn ti gbà á, àwọn sì ti kọ̀wé sí i láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn; ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kò gbúròó rẹ̀, àwọn ti fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Níbo ni lẹ́tà náà gbà lọ? Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ímeèlì rẹ̀ ni ó rò pé lẹ́tà ẹlẹ́tàn ni. Ó jù ú sínú àhámọ́. Nígbà tí 30 ọjọ́ pé, ó pa á rẹ́.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé kí wọ́n mú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú un kúrò, ẹgbin ni yóò kún àpótí lẹ́tà wa. Kí ni kí á ṣe? Gbogbo wa ni a mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń sẹ́ ògì. Bí wọ́n bá ti lọ àgbàdo tán, wọn a dà á sínú asẹ́, wọn a máa bu omi lé e lórí. Ògì yóò gba ojú asẹ́ kọjá, èèrí yóò kù lókè. Ìyá tó mọ iṣẹ́ kò jẹ́ da èèrí yìí nù lójú ẹsẹ̀. Yóò fi ọwọ́ rò ó, yóò tún bu omi sí i, yóò fún un, nítorí ó mọ̀ pé ògì ṣì kù síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn hàn ní alẹ́ yìí ni pé asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ímeèlì kò yàtọ̀. Àṣìṣe méjì ni ó máa ń ṣe: ó lè jẹ́ kí olè wọlé, ó sì lè dá àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà. A máa ń rí àṣìṣe kìn-ín-ní, a sì máa ń pariwo lé e lórí. Èkejì ni a kì í rí, òun ni ó sì ń ba ayé ènìyàn jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1971, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ray Tomlinson fi ìwé ránṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ìsokọ́ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ARPANET. Òun ni ó yan àmì @ tí a ń fi sí àárín orúkọ ẹni àti orúkọ ilé ẹni títí di òní. Àwọn tí ń lo ARPANET nígbà náà kò pọ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì dà bí ará agboolé kan ṣoṣo. Láàárín agboolé, ta ni í ti ìlẹ̀kùn ní ọ̀sán?

Síbẹ̀, ojú àgbà kan ti rí ohun tó ń bọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, Jon Postel kọ ìwé kékeré kan lórí ìṣòro lẹ́tà tí ènìyàn kò fẹ́. Ó ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà tí ń gba lẹ́tà kò ní ọ̀nà kankan láti kọ ti ẹni tí ń yọ ọ́ lẹ́nu, kí ó sì gba ti àwọn tó kù. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ṣẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk, tó ń bá ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation polówó ọjà, fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí nǹkan bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ń pè wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà tuntun ní California. Inú bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á, àwọn aláṣẹ ARPANET sì bá ilé-iṣẹ́ náà wí. Èyí ni àwọn òpìtàn kà sí baba ńlá gbogbo lẹ́tà ìpolówó tí a kò bẹ̀ wò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1982, Postel yìí kan náà kọ òfin tí kọ̀ǹpútà fi ń fi lẹ́tà jíṣẹ́ fún ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní SMTP. Òfin náà rọrùn, ó dára, òun sì ni ìpìlẹ̀ tí a ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú rẹ̀: kò béèrè ẹ̀rí pé ẹni tó kọ orúkọ sí ara lẹ́tà ni ó kọ lẹ́tà náà ní tòótọ́. Ní ayé àwọn baba wa, bí ìránṣẹ́ bá ti ọ̀dọ̀ ọba kan dé ọ̀dọ̀ ọba mìíràn, ó ní láti mú àmì dání. Bí àrokò kò bá sí, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ayé ímeèlì gbàgbé àrokò níbẹ̀rẹ̀. Gbogbo làálàá tó tẹ̀ lé e láti inú ìgbàgbé yìí ni ó ti wá.

Ibo wá ni orúkọ náà, spam, ti wá? Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ inú agolo ni. Ilé-iṣẹ́ Hormel ní ìpínlẹ̀ Minnesota ni ó gbé e jáde ní 1937. Ní ọdún 1970, àwọn aláwàdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Monty Python ṣe eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n BBC. Nínú eré náà, tọkọtaya kan wọ ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oúnjẹ kan níbẹ̀ tí spam kò sí nínú rẹ̀. Àwọn kan sì ń kọrin spam kíkan-kíkan tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ àwọn yòókù kò fi ṣeé gbọ́. Nígbà tó di 1993, Richard Depew ń dán ètò kan wò lórí Usenet, ìyẹn gbàgede tí àwọn ènìyàn ti ń kọ̀wé síra wọn ní gbangba. Ètò náà ṣì í lọ́wọ́, ó sì da nǹkan bí 200 lẹ́tà síta. Àwọn ènìyàn rántí eré yẹn, wọ́n ní spam nìyí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, lọ́yà méjì láti Arizona, Laurence Canter àti Martha Siegel, da ìpolówó vísà lọ́tìrì Amẹ́ríkà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbàgede Usenet. Àṣìṣe kọ́ ni ti àwọn wọ̀nyí. Owó ni wọ́n ń wá. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ pariwo sétí gbogbo ènìyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ná an ní kọ́bọ̀.

Bí olè bá ti pọ̀, oníbodè kò ní ṣàìdé. Oníbodè àkọ́kọ́ ń wo ibi tí lẹ́tà ti wá. Ní ọdún 1997, Paul Vixie àti Dave Rand dá ìwé orúkọ kan sílẹ̀, nínú èyí tí wọ́n kọ àdírẹ́sì àwọn kọ̀ǹpútà tí spam ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá sí, kí ẹni tó bá fẹ́ lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó ṣiṣẹ́ gan-an. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kan lè jẹ́ ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àwọn àgbà sì sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Bí ẹnì kan nínú agboolé bá ń da spam síta, gbogbo agboolé ni wọn yóò ti mọ́lé.

Oníbodè kejì ń wo ọ̀rọ̀. Wọ́n ka àwọn ọ̀rọ̀ burúkú jọ, lẹ́tà tó bá sì ní ọ̀kan nínú wọn, ó di èèwọ̀. Àwa olùkọ́ èdè lè sọ ibi tí irú ọgbọ́n yìí ń parí sí. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ AOL kọ̀ láti forúkọ àwọn ará Scunthorpe, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ rírùn kan fara pamọ́ sáàárín orúkọ ìlú wọn. Cialis jẹ́ orúkọ oògùn tí àwọn oníspam ń polówó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, “specialist”, ẹ ó rí cialis nínú ikùn rẹ̀. Lẹ́tà dókítà lè tipa bẹ́ẹ̀ di lẹ́tà oníjìbìtì. Ọ̀rọ̀ kò ní ìtumọ̀ lẹ́yìn àyíká rẹ̀. Nínú èdè tiwa, ẹ mú àmì ohùn kúrò lórí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kí ẹ wá sọ fún mi èwo ni ọkùnrin ilé, èwo ni ohun èlò oko, èwo ni à ń wọ̀, èwo sì ni ohun ìjà.

Oníbodè kẹta ni ó gbọ́n jù, ìmọ̀ rẹ̀ sì ti wà tipẹ́. Thomas Bayes, àlùfáà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, kú ní 1761. Ní 1763 ni wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde lórí bí a ṣe lè fi ohun tí a ti rí díwọ̀n ohun tí a kò tíì rí. Ní ọdún 1998, Mehran Sahami àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìmọ̀ yìí sẹ́ ímeèlì. Ní 2001, Justin Mason gbé asẹ́ tí ń jẹ́ SpamAssassin jáde, èyí tí ń fún lẹ́tà ní máàkì bí olùkọ́ ti ń ṣe fún ìdánwò: bí máàkì ẹ̀ṣẹ̀ bá pé 5, lẹ́tà náà di spam, àfi bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá yí òǹkà náà padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, Paul Graham wá kọ àròkọ kan tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kà káàkiri ayé.

Ọ̀nà Graham kò ṣòro láti lóye. Ẹ kó lẹ́tà gidi jọ síhìn-ín, ẹ kó spam jọ sọ́hùn-ún, kí kọ̀ǹpútà ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn ní apá méjèèjì. Bí lẹ́tà tuntun bá dé, ẹ̀rọ yóò mú ọ̀rọ̀ 15 tí ìtọ́ka wọn lágbára jù nínú rẹ̀, yóò pa ẹ̀rí wọn pọ̀, yóò sì dájọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè dá lẹ́tà lẹ́bi. Ẹ̀rí rere lè borí ẹ̀rí búburú. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù ni pé nígbà tí Graham ń ka ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà gidi, ìlọ́po méjì ni ó ń kà wọ́n. Ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ òṣùwọ̀n sí ọ̀dọ̀ àlejò ni. Ó ní fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí lẹ́tà gidi sọnù burú jìnnà ju kí spam wọlé lọ. Nínú ìdánwò rẹ̀, spam tó yọ́ wọlé kò tó 5 nínú 1000, kò sì sí lẹ́tà gidi kan tí asẹ́ náà ṣì mú. Ìyẹn jẹ́ lórí lẹ́tà tirẹ̀ o, tí òun fúnra rẹ̀ fi kọ́ asẹ́ náà. Asẹ́ tí ẹlòmíràn fi lẹ́tà ẹlòmíràn kọ́ ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá ní Nàìjíríà. Gbogbo wa ni a mọ òǹkà 419, nọ́ḿbà òfin ìwà ọ̀daràn tó kan jìbìtì. Kí í ṣe ilẹ̀ wa ni ọgbọ́n ẹ̀tàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ẹlẹ́tàn ti ń kọ̀wé kiri nípa ọlọ́lá kan tó wà lẹ́wọ̀n ní Spain, tí yóò pín owó fún ẹni tó bá bá a san owó ìtúsílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1980 sí i ni àwọn ọmọ wa kan ti sọ ọ́ di òwò, wọ́n fi pósítà ṣe é, wọ́n fi fáàsì ṣe é, wọ́n sì fi ímeèlì ṣe é. Ìjọba dá àjọ EFCC sílẹ̀ ní 2003, ó sì ṣe òfin tuntun lórí irú jìbìtì yìí ní 2006. Àmọ́ orúkọ ti bàjẹ́ ná. Nínú àwọn òfin SpamAssassin àtijọ́, àwọn kan wà tí wọ́n dìídì fi orúkọ orílẹ̀-èdè wa pè. Ní 2012, Cormac Herley, olùṣèwádìí ní ilé-iṣẹ́ Microsoft, béèrè ìdí tí àwọn ẹlẹ́tàn fi ń sọ pé Nàìjíríà ni àwọn ti ń kọ̀wé, nígbà tí gbogbo ayé ti gbọ́ nípa rẹ̀. Èsì rẹ̀ ni pé ó wúlò fún wọn: ọlọgbọ́n yóò rẹ́rìn-ín, yóò kọjá lọ, ẹni tó bá dáhùn ni ẹni tó rọrùn láti tàn.

Ẹ tún wo ti àmì orí ọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn oníspam rí i pé asẹ́ ń ka ọ̀rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́tà padà, wọ́n ń fi òǹkà 1 dípò “i”, wọ́n ń fi àmì sórí fáwẹ́lì kí ojú ènìyàn lè ka ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ̀rọ má sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ́ ìbòjú fún olè, àkọtọ́ ni fún àwa. Asẹ́ tí kò tíì ka Yorùbá rí kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì bí a kò bá kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sọ́dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹ̀rọ kò sọ ìdí tó fi ti lẹ́tà rẹ̀ mọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ohun tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń sọ: a bá ọ yọ̀, a ti yàn ọ́, a ó fún ọ lówó ìrànwọ́, tètè dáhùn kí ọjọ́ tó kọjá, tẹ ibí yìí. Èdè tí olóore fi ń sọ̀rọ̀ ni ẹlẹ́tàn ti jí lò. Ẹni tó ń retí ire láti ọ̀nà jíjìn ni asẹ́ lè ṣèṣe jù lọ, nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí ni yóò kọ̀wé sí i.

Àwọn tó ṣe asẹ́ mọ̀ pé ó ń ṣìṣe. Ìdí nìyí tí asẹ́ fi ń fi ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó bá fura sí pamọ́ sínú àhámọ́, dípò kí ó pa wọ́n rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí olóhun lè wá dá ẹjọ́ náà. Ní Gmail, tí ilé-iṣẹ́ Google dá sílẹ̀ ní 2004, ohun tó bá pé 30 ọjọ́ nínú àpò spam, ẹ̀rọ yóò pa á rẹ́. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ìṣàwárí tí a ń ṣe lójoojúmọ́ kì í wo inú àpò spam. Ohun tó mú akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn. Ó wá lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá ni ó wò, kò wo àhámọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mú ohun mẹ́rin lọ sílé. Èkíní, kí á yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti yẹ àpò spam wò. Ẹni tó bá ń wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 30 ọjọ́ kò ní ká a mọ́ ẹ̀yìn. Èkejì, bí a bá ń wá lẹ́tà kan ní Gmail, kí á kọ in:spam ṣáájú orúkọ tí a ń wá, tàbí kí á kọ in:anywhere bí a bá fẹ́ kí ó wo gbogbo ilé. Kí á wá orúkọ náà lóríṣiríṣi ọ̀nà: Olúṣọlá pẹ̀lú àmì, Olusola láìsí àmì, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn @. Ẹ̀kẹta, bí a bá rí lẹ́tà gidi níbẹ̀, kí á sọ fún ẹ̀rọ pé kì í ṣe spam, kí á sì fi àdírẹ́sì náà sára àwọn tí a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ asẹ́. Ẹ̀kẹrin, kí á ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ májèlé. Kí a má tẹ ohunkóhun nínú lẹ́tà tí a kò dá lójú. Kí á wá ilé-iṣẹ́ náà lọ fúnra wa, kí á béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ní ibi tí asẹ́ kan ti ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ kan ni kọ́kọ́rọ́ àhámọ́ máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí ó lè fi orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, àti ọjọ́ tó dé wá a, kí ó sì tú u sílẹ̀. Kò yẹ kí ó máa ka inú lẹ́tà onílẹ́tà. Ó sì yẹ kí olúkúlùkù máa gbọ́ pé a ti dá nǹkan dúró lórúkọ òun.

Lóòótọ́, ayé ń tún àlàfo ọdún 1982 ṣe. Láti oṣù kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo ti ń béèrè ẹ̀rí ìdánimọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu. Àrokò ti padà dé. Ṣùgbọ́n àrokò ń sọ ẹni tó rán ni níṣẹ́ ni. Kò sọ bóyá iṣẹ́ náà dára. Ìyẹn ṣì kù sọ́wọ́ onílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti tún ìwé mìíràn kọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ó tó lọ sílé, ó ń ṣí àpò spam rẹ̀ wò. Èèrí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ rò ó náà ni, nítorí ó ti mọ̀ pé ògì lè wà nínú rẹ̀.